Ìgbésí Ayé Friedrich Wilhelm Raiffeisen, Ọ̀rẹ́ Àwọn Àgbẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pa òwe yìí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni àwọn tí ó fi ọgbọ́n inú rẹ̀ tún ìlú ṣe. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Friedrich Wilhelm Raiffeisen, ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Kì í ṣe ọba, kì í ṣe jagunjagun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe olówó. Síbẹ̀, ohun tí ó dá sílẹ̀ ní àwọn abúlé tálákà ti tàn ká ayé, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá.

Ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 1818 ni wọ́n bí Raiffeisen ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Hamm, ní etí odò Sieg. Òun ni ọmọ keje nínú ọmọ mẹ́sàn-án. Bàbá rẹ̀ ti ṣe méyọ̀ ìlú náà rí, ṣùgbọ́n àìsàn dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré, gbogbo ìnira ilé sì já lé ìyá lórí. Nítorí àìlówó, Raiffeisen kò lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Àlùfáà ìlú wọn ni ó gbà á tọ́, tí ó sì ń kọ́ ọ ní ìwé. Láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àti àlùfáà yìí ni ó ti kọ́ ìbẹ̀rù Ọlọ́run, tí ó sì ti kọ́ pé ẹni tí ó ní kò gbọdọ̀ gbàgbé ẹni tí kò ní.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 17, ó wọ iṣẹ́ ológun. Ó rò pé ibẹ̀ ni òun yóò ti di ènìyàn ńlá, ṣùgbọ́n ènìyàn ń pète, Ọlọ́run ń ṣe tirẹ̀. Àrùn ojú kọlù ú, ó sì ní láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1843. Ó bọ́ sí iṣẹ́ ìjọba, nígbà tí ó sì di ọdún 1845, wọ́n fi í ṣe méyọ̀ Weyerbusch àti àwọn abúlé tí ó yí i ká ní agbègbè Westerwald. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà náà. Ọdún yẹn náà ni ó gbé Emilie Storck ní ìyàwó.

Ìṣẹ́ ni ó ń ṣe àwọn ará Westerwald. Ilẹ̀ wọn kò lọ́ràá, òtútù ibẹ̀ pọ̀, oko wọn kò tóbi, kò sì sí ọ̀nà gidi tí wọ́n lè gbà gbé irè oko lọ sí ọjà. Bí màlúù àgbẹ̀ kan bá kú, tàbí tí kò ní irúgbìn, ọ̀dọ̀ olówó-èlé ni yóò sá lọ. Èlé orí owó náà yóò máa gun orí èlé. Bí àgbẹ̀ kò bá rí i san, olówó-èlé yóò gba màlúù, lẹ́yìn náà yóò gba ilẹ̀. Bí ìwọ̀fà tí kò mọ ọjọ́ tí yóò rí owó rà ara rẹ̀ padà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe rí.

Kò pẹ́ tí Raiffeisen dé ibẹ̀ ni ìyàn mú. Ní ọdún 1846, ọkà kò ṣe dáadáa, ànàmọ́ òyìnbó sì jẹrà nínú ilẹ̀. Ebi ń pa tọmọdé tàgbà. Ìjọba fi ọkà ránṣẹ́ láti inú àká rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ ni pé ẹni tí ó bá sanwó lọ́wọ́ nìkan ni kí wọ́n tà á fún. Níbo ni ẹni tí ebi ń pa yóò ti rí owó? Raiffeisen kò tẹ̀lé àṣẹ náà. Ó kó àwọn tí ọwọ́ wọn tẹ ẹnu jọ, ó sì rọ̀ wọ́n kí wọ́n dá owó. Wọ́n fi owó náà ra ọkà, wọ́n kọ́ ààrò búrẹ́dì sí ìlú, wọ́n sì ń ta búrẹ́dì fún àwọn tálákà ní àwìn, ní iye tí ó dín sí ti ọjà. Báyìí ni wọ́n fi la ìyàn ọdún 1846 sí 1847 já.

Lẹ́yìn èyí, ó rí i pé búrẹ́dì òní kò lè gbà ènìyàn lọ́wọ́ ebi ọ̀la. Ó ṣètò kíkọ́ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà láti Weyerbusch lọ sí ìhà odò Rhine, kí àwọn àgbẹ̀ lè gbé irè oko wọn dé ọjà.

Ní ọdún 1848, ìjọba gbé e lọ sí Flammersfeld. Níbẹ̀ ni ó ti gbógun ti àwọn olówó-èlé. Ní ọdún 1849, ó kó nǹkan bí 60 ènìyàn tí ó rí jẹ jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Gbogbo wọn ni ó jọ ṣe onígbọ̀wọ́ fún owó tí ẹgbẹ́ náà yá. Wọ́n ń fi owó náà ra màlúù fún àwọn àgbẹ̀ tálákà, àwọn àgbẹ̀ sì ń san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Nígbà tí ó dé Heddesdorf ní ọdún 1852, ó tún ń bá irú iṣẹ́ yìí lọ, ó sì dá ẹgbẹ́ àánú kan sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1854.

Ṣùgbọ́n ibi tí ó fojú sí, ọ̀nà kò gbabẹ̀ lọ. Ó ti rò pé àánú àwọn olówó ni yóò gbé àwọn tálákà dìde. Nígbà tí ó yá, àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Wọ́n ń ṣe onígbọ̀wọ́, wọ́n ń ru ewu, àwọn fúnra wọn kò sì rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fà sẹ́yìn. Inú Raiffeisen kò dùn, nítorí pé ó gbàgbọ́ nínú àánú tọkàntọkàn. Síbẹ̀, ó gba òtítọ́ tí ó rí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ní ọdún 1864, ó tún ẹgbẹ́ Heddesdorf dá sílẹ̀ lọ́nà mìíràn: àwọn tí wọ́n fẹ́ yá owó gan-an ni wọn yóò jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, àwọn ni wọn yóò sì jọ ṣe onígbọ̀wọ́ fún ara wọn.

Òfin ẹgbẹ́ irú èyí kò ṣòro láti mọ̀. Abúlé kan tàbí ìjọ kan ni ẹgbẹ́ kan, kí gbogbo wọn lè mọ ìwà ara wọn. Owó tí wọ́n fi pamọ́ sí ẹgbẹ́ ni wọ́n ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní èlé kékeré, fún ohun tí yóò mú èrè wá, kì í ṣe fún fàájì. Bí ẹnì kan bá jẹ gbèsè tí kò san, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò fi ohun ìní wọn dí i. Nítorí náà, kò sí ẹni tí yóò dákẹ́ bí ó bá rí aládùúgbò rẹ̀ tí ń ná owó ẹgbẹ́ ní ìnákúnàá. Àwọn ìjòyè ẹgbẹ́ kì í gba owó oṣù, àfi akápò. Wọn kì í pín èrè. Wọ́n ń kó o pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro. Ẹni tí kò ní nǹkan kan tí olówó-èlé lè gbẹ́kẹ̀ lé wá ní ohun kan: ìwà rere rẹ̀ lójú àwọn ará abúlé rẹ̀.

Àsìkò yìí gan-an ni ìpọ́njú bá Raiffeisen fúnra rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kú ní ọdún 1863. Ara rẹ̀ kò le, ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn sí i, ó sì fẹ̀yìn tì ní ọdún 1865 pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì tí kò tó nǹkan. Ẹlòmíràn ì bá jókòó kí ó máa sunkún. Raiffeisen kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1866, ó tẹ ìwé kan jáde tí ó fi ṣàlàyé bí a ṣe ń dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí kò ríran kọ̀wé dáadáa mọ́, Amalie ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó ń bá a kà, tí ó sì ń bá a kọ. Ní ọdún 1872, ó dá báǹkì kan sílẹ̀ ní Neuwied, kí ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ ṣẹ́kù lè máa ran èyí tí owó kò tó lọ́wọ́.

Àwọn kan takò ó. Schulze-Delitzsch, tí òun náà ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ ìlú ńlá, sọ pé ewu ni kí a gba owó tí olówó lè béèrè láìpẹ́, kí a sì yá a fún àgbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n Raiffeisen mọ̀ pé màlúù kì í bímọ lóòjọ́ tí a rà á. Ó dúró lórí ohun tí ó gbàgbọ́.

Raiffeisen kú ní Heddesdorf ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1888, nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ó pé ẹni 70 ọdún. Kò kó ọrọ̀ jọ, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀ ti lé ní 400. Kò pẹ́ tí ọ̀nà náà fi dé ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ṣe òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní ọdún 1904. C. F. Strickland, tí ó ti ṣe iṣẹ́ náà ní Íńdíà, ni ó wá ṣèwádìí ní Nàìjíríà. Ìwé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1934, òfin tiwa sì tẹ̀lé e ní ọdún 1935. Àwọn àgbẹ̀ kòkó wa tètè gbà á, nítorí pé àwọn tí ó ti mọ àáró àti èsúsú láti ọjọ́ aláyé ti dáyé kò ka ìfọwọ́sowọ́pọ̀ sí ohun àjèjì.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni ìgbésí ayé ọkùnrin yìí jẹ́ fún wa. Ó kọ́ wa pé àánú dára, ṣùgbọ́n àánú nìkan kò lè tún abúlé ṣe. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ni yóò tún un ṣe bí wọ́n bá fọkàn tán ara wọn. Ó tún kọ́ wa pé kì í ṣe ìtìjú fún ènìyàn láti yí èrò rẹ̀ padà nígbà tí ó bá rí òtítọ́. Ara Raiffeisen ti di erùpẹ̀, ṣùgbọ́n níbikíbi tí àwọn àgbẹ̀ bá ti péjọ láti dá owó kí wọ́n sì yá ara wọn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ì kú.