Kápútẹ́nì Ross, Ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí ó fi Minna àti agbègbè rẹ̀ ṣe ibùjókòó ni ó jẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, Ìsẹ́yìn, Ṣakí, Ìwó tàbí Ìbàdàn ni àwọn baba wọn ti ṣí wá. Láti 1914 títí di 1931, abẹ́ òyìnbó kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn ìlú wọ̀nyí wà. Òun ni Kápútẹ́nì William Alexander Ross, Ajẹ́lẹ̀ Ìgbèríko Ọ̀yọ́. Ìṣe ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni láti máa ṣí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ nípò láti ìlú dé ìlú, kí ẹnikẹ́ni wọn má baà di onílé níbi tí a rán an lọ. Ṣùgbọ́n gómìnà mẹ́rin ni ó jẹ lójú Ross, Ọ̀yọ́ náà ni ó sì wà.

Ní 1906 ni ó dé Ọ̀yọ́, lẹ́yìn tí ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní Ìbàdàn. Aláàfin Láwànì Agógójà ni ó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà. Ọ̀yọ́ kò ní ọlá púpọ̀ lójú ìjọba ní àkókò yẹn. Kápútẹ́nì Bower ti yin àgbá sí ìlú náà ní oṣù Nofẹ́ńbà 1895, àti pé Ìbàdàn ni Résídẹ́ǹtì ń gbé. Iṣẹ́ ọ̀dọ́ òyìnbó tí a fi sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò lópin. Òun ni ó ń gun ẹṣin kiri ìletò, òun ni ó ń wo ojú ọ̀nà àti ọgbà ẹ̀wọ̀n, òun ni ó ń ka owó, òun náà ni ó sì ń jókòó gbọ́ ẹjọ́. Àwọn ọlọ́pàá tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àṣẹ òun ṣẹ ní irú ipò yìí kò lè ṣaláìfi ẹ̀yìn ti ọba.

Ẹ̀yìn ọba gan-an ni Ross fi ara tì. Nígbà tí Láwànì wàjà, tí Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù gorí ìtẹ́ ní 1911, òyìnbó náà àti Aláàfin tuntun di ọ̀rẹ́ kòríkòsùn. Ohun tí Aláàfin bá fẹ́, Ross ni yóò gbé e dé iwájú ìjọba. Ohun tí Ross bá fẹ́, ẹnu Aláàfin ni yóò ti jáde. Ó dá Ross lójú pé bí òun ti ń gbé Aláàfin ga, ohun tí ó tọ́ sí i nínú ìtàn Yorùbá ni òun ń dá padà fún un.

Ìlànà tí Ross fi ṣe èyí, ìtòsí Minna níhìn-ín ni ó ti wá. Lugard, tí ìjọba rẹ̀ ṣẹ́gun Bídà àti Kòntàgórà ní 1901, ni ó fi Zungeru ṣe olú ìlú ilẹ̀ Àríwá láti 1902. Ibẹ̀ ni ó ti fi ìdí ètò náà múlẹ̀ pé kí òyìnbó máa ti ẹ̀yìn ẹ́mírì ṣe ìjọba, kí kóòtù, àpò ìṣúra àti àwọn dógárì sì wà lọ́wọ́ ẹ́mírì. Nígbà tí ó so ilẹ̀ Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀ ní 1914, ó gbé ètò yìí lọ sí ilẹ̀ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ó ti wà. Lójú rẹ̀, Aláàfin ni ẹ́mírì àwọn Yorùbá. Kò ka Ọ̀yọ́ Mèsì sí, bẹ́ẹ̀ ni kò rántí pé nígbà láéláé, Baṣọ̀run lè kọ ọba, kí ọba sì sùn.

Nígbà tí a dá Ìgbèríko Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1914, Ọ̀yọ́ ni a fi ṣe olú ìlú rẹ̀, Ross sì di Ajẹ́lẹ̀ àgbà. Ìbàdàn bọ́ sí abẹ́ Ọ̀yọ́. Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà pàápàá wà nínú ìgbèríko kan náà.

Ọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀ yìí gba àròjinlẹ̀. Kí òyìnbó tó dé, Ìbàdàn ni ó ń fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú onílùú, ìnilára àwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyẹn sì wà lára ohun tí ó fa ogun Kírìjì ní 1877. Nísinsin yìí, Ìbàdàn tìkára rẹ̀ ni ó wà lábẹ́ ajẹ́lẹ̀ tí ó jókòó sí Ọ̀yọ́. Lóòótọ́, nínú àdéhùn tí àwọn olóyè Ìbàdàn fọwọ́ sí ní 1893, wọ́n gbà pé Aláàfin ni olórí. Ṣùgbọ́n orí ahọ́n ni ipò olórí yẹn ti wà fún ìgbà pípẹ́. Ross ni ó sọ ọ́ di àṣẹ. Ọdún 1914 yẹn náà ni a yọ Baálẹ̀ Ìrẹ̀fin lóyè. Ní 1917, Balógun Ọlá, ọmọ Baálẹ̀ Oròwùsì, pa ara rẹ̀ nígbà tí ẹ̀sùn àfojúdi sí àwọn aláṣẹ wà lọ́rùn rẹ̀. Ní 1925 a rọ Baálẹ̀ Ṣítù náà lóyè. Ìlú tí ó tóbi ju Ọ̀yọ́ lọ fíìfíì, tí ó sì ti fi ìgbà kan jẹ́ odi agbára fún Ọ̀yọ́ nígbà ogun, kò lè gbàgbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ó ti wù kí ó rí, Òkè Ògùn ni iná ti kọ́kọ́ ràn. Àwọn kóòtù tuntun tí a dá sílẹ̀ lábẹ́ òfin 1914 bí àwọn ará ìlú nínú. Agbára ìdájọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn olóyè tí ó ní in láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn díẹ̀ tí Ọ̀yọ́ àti Ajẹ́lẹ̀ fẹ́. Àwọn àkódà ń kó ènìyàn lọ yẹ ọ̀nà ní dandan. Ogun Jámánì sì ń lọ lọ́wọ́, ìròyìn kàn kiri pé òyìnbó ń palẹ̀ mọ́. Ní oṣù Òkítóbà 1916, Òkèihò dìde, wọ́n pa Onjọ. Láìpẹ́ Ìsẹ́yìn dìde, wọ́n pa Aséyìn. Nínú ọba méjèèjì tí ó kú yìí, kò sí èyí tí ó jẹ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n ojú ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ òyìnbó ni àwọn ènìyàn wọn fi wò wọ́n. Ìjọba kó sójà wọlé, wọ́n paná ọ̀tẹ̀ náà, wọ́n sì dájọ́ ikú fún àwọn kan nínú àwọn aṣáájú. Ní 1917 a kó Òkèihò kúrò ní ibùdó rẹ̀ àtijọ́ láàárín àwọn òkè lọ sí ibi tí ó wà títí di òní.

Ẹlòmíràn ì bá ti tún èrò rẹ̀ pa lẹ́yìn èyí. Ross kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kọ́ ni ó kù fún un, ọdún 15 péré ni, ọ̀nà kan náà ni ó sì tọ̀ dé òpin. A kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ du ú ṣá: nígbà tí owó orí dé ní 1918, tí àwọn Ẹ̀gbá ja ogun Àdùbí lé e lórí, Ìgbèríko Ọ̀yọ́ san tirẹ̀ láìsí ogun. Ẹni tí ó mọ ìlú dunjú, tí Aláàfin sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ni ó lè ṣe é. Àbùkù ibẹ̀ ni pé láti ààfin Ọ̀yọ́ nìkan ni ó ti ń wo gbogbo ìgbèríko náà. Bí ó ti ń pẹ́ sí i ni ọ̀rọ̀ tí kò bá gba ààfin kọjá ń ṣòro láti dé etí rẹ̀.

Ní 1930 àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé ní Ìbàdàn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Ibadan Progressive Union, wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ òmìnira ìlú wọn lọ́kùn-únkúndùn. Ọdún kejì rẹ̀ ni Ross fẹ̀yìn tì lọ sí ìlú rẹ̀. Sir Donald Cameron ti dé gẹ́gẹ́ bí Gómìnà, òun kò sì nígbàgbọ́ nínú fífi ìlú kan sábẹ́ òmíràn ní tipátipá. Ward-Price ni ó rọ́pò Ross. Ní 1934, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ọkùnrin náà lọ, a yọ Ìbàdàn kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́. Ní 1936 Baálẹ̀ Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́ Olúbàdàn.

Ládìgbòlù wà láyé rí gbogbo rẹ̀. Ní oṣù Disẹ́ńbà 1944 ni ó wàjà, pẹ̀lú àṣẹ tí ó ti dín kù púpọ̀ sí èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Nígbà tí a sì dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1976, orúkọ Ọ̀yọ́ ni a fi pè é, Ìbàdàn ni a fi ṣe olú ìlú rẹ̀.