Fadá Kevin Carroll àti Àwọn Agbẹ́gilére Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ilé ìjọsìn ńlá tí àwọn òyìnbó kọ́ ní ayé àtijọ́ yóò ti rí fèrèsé onígíláàsì aláràbarà. Wọn a gé gíláàsì pupa, ti àwọ̀ ojú ọ̀run àti ti àwọ̀ ewé sí wẹ́wẹ́, wọn a fi òjé so wọ́n pọ̀ di àwòrán àwọn Ẹni Mímọ́. Bí oòrùn bá ràn sí i, àwọ̀ rẹ̀ a tẹ́ sílẹ̀ bí aṣọ olówó iyebíye. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n òkè òkun ni a ti máa ń ránṣẹ́ sí fún un, ojú òyìnbó sì ni ojú àwọn Ẹni Mímọ́ inú rẹ̀. Bí a ti ń ṣe júbílì yìí, tí a sì ń rò ohun tí a ó fi ṣe ilé Olúwa lọ́ṣọ̀ọ́ ní ìhà Alédjo, láti Bassila títí dé Manigri, ó yẹ kí a rántí Fadá kan tí ó wá ọ̀nà mìíràn.

Ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí Kevin Carroll sí ní ọdún 1920. Ó wọ Ẹgbẹ́ àwọn Òjíṣẹ́ sí Áfíríkà, èyí tí a ń pè ní S.M.A., ẹgbẹ́ kan náà tí ó rán Fadá Borghero wá sí Ouidah ní ọdún 1861. Ọmọ ilé kan náà ni òun àti àwọn tí ó gbin ìgbàgbọ́ sí ilẹ̀ wa. Ó gba oyè àlùfáà, a sì rán an lọ sí ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Ghana lónìí.

Ní ọdún 1947, àwọn alákòóso Ẹgbẹ́ fi òun àti Fadá Sean O'Mahony sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní Nàìjíríà, kí wọ́n dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ ilẹ̀ Èkìtì lè rò pé wọ́n lọ kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ ni. Rárá o. Àwọn ọ̀gá ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Aréògún ará Ọ̀sì-Ìlọrin ti gbẹ́ ilẹ̀kùn, òpó àti ère Ẹpa títí òkìkí rẹ̀ fi kàn káàkiri. Bàbá náà ti darúgbó nígbà náà, ọdún 1954 ni ó sì kú. Ọmọ rẹ̀, Bándélé, ni ó wá bá àwọn Fadá ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé láti Ìlá Ọ̀ràngún, Lámídì Fákéye, tí ìran rẹ̀ ti ń gbẹ́gi tipẹ́tipẹ́. Mùsùlùmí ni. Ọdún mẹ́ta ni ó fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Àwọn mìíràn ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe ọnà sí aṣọ Mísà, wọ́n sì ń sin ìlẹ̀kẹ̀.

Fadá Carroll jókòó ti àwọn agbẹ́gi bí ọmọ iṣẹ́, ó ń wo ọwọ́ wọn, ó ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ó rí i pé ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ń gbà. Àkọ́kọ́ ni ọnà lílé, nígbà tí a fi àáké la ìtí igi títí orí, ara àti ẹsẹ̀ yóò fi hàn fìrífìrí. Èkejì ni alétúnlé, tí a ń ya ojú, etí àti ọwọ́ sọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta ni dídán. Ìkẹyìn ni fínfín, tí ọ̀bẹ ń fa ilà irun, ìpéǹpéjú àti ọnà ara aṣọ. Agbẹ́gi kì í ya àwòrán sórí ìwé kí ó tó bẹ̀rẹ̀, inú orí rẹ̀ ni ère náà wà.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn sí i. Àwọn onígbàgbọ́ kan ti kó ère bàbá wọn dà nù kí a tó rì wọ́n bọmi. Báwo ni ọwọ́ tí ó ń gbẹ́ ère òrìṣà yóò ṣe máa gbẹ́ ère Ìyá Olúwa? Láti ìhà kejì, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ẹni tí kò gba Kristi gbọ́ kò lè gbẹ́ ère Kristi kí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ìdáhùn Fadá sí ti àkọ́kọ́ ni pé ọ̀tọ̀ ni ọgbọ́n ọwọ́, ọ̀tọ̀ ni òrìṣà. A ti ń gbẹ́ ọdẹ, onílù, ẹlẹ́ṣin àti ìyá ọlọ́mọ sí òpó ààfin, tí ẹnikẹ́ni kò sì bọ wọ́n. Irú nǹkan wọ̀nyí ni ó sì kọ́kọ́ ní kí wọ́n máa gbẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ń sọ ìtàn Ìyìn Rere fún wọn, kò sì jẹ́ kí wọ́n máa wo àwòrán òyìnbó kọ. Báyìí ni àwọn Ọba Mẹ́ta ṣe wá kí Jésù Ọmọ Ọwọ́ pẹ̀lú adé ìlẹ̀kẹ̀ lórí, bí ọba Yorùbá. Ní ti àtakò kejì, lójú tèmi, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, n kò sì rò pé a yanjú rẹ̀ tán ní Ọ̀yẹ́.

Ọdún 1954 ni ilé iṣẹ́ náà parí. Ó dun àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n Fadá Carroll kò fi àwọn agbẹ́gi sílẹ̀. Ó ń wá iṣẹ́ fún wọn kiri. Ní ọdún náà gan-an ni Lámídì gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn àwọn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí àwọn ọba àti ìjọba fi ń pè é sí ààfin àti ilé ìgbìmọ̀. Ní ọdún 1963, Àpérò Vatican Kejì kéde pé Ìjọ kò ní irú iṣẹ́ ọnà kan pàtó tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, àti pé kí a fi àyè gba ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tí àwọn ará Ọ̀yẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Fadá tẹ ìwé rẹ̀ lórí igi gbígbẹ́ Yorùbá jáde ní ọdún 1967. Òun náà ni ó gbé iṣẹ́ fún Bruce Onobrakpeya láti ya Ọ̀nà Àgbélébùú sí ara ògiri ilé ìjọsìn Páúlù Mímọ́ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Fèrèsé gíláàsì tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí pàápàá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀: Yusuf Grillo, tí ó kú ní ọdún 2021, ya irú rẹ̀ fún àwọn ilé ìjọsìn ní Èkó.

Ní ọdún 1992 ni ìwé Fadá Carroll lórí ilé kíkọ́ ní Nàìjíríà jáde. Ó kú ní ọdún 1993. Bándélé tẹ̀lé e ní ọdún 1995. Alhaji Lámídì Fákéye, tí ó ti gbẹ́ ìbí Olúwa sára igi láìmọye ìgbà, jẹ́ Mùsùlùmí títí dé òpin; ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2009 ni ó kú.