Louis Armstrong àti Sinimá Hello, Dolly!

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Ògọ́sì, 1901, ni a bí Louis Armstrong ní New Orleans, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sínú òṣì. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé, ó yin ìbọn ní ìgboro, wọ́n sì mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí ó rú òfin. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ fèrè fífọn dáradára.

Ní oṣù Máyì, 1956, ó wá sí Accra. E. T. Mensah àti àwọn olórin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi orin pàdé rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì péjọ sí Old Polo Ground láti gbọ́ ọ. Níhìn-ín ni ó ti rí obìnrin kan tí ó jọ ìyá rẹ̀ tí ó ti kú, ó sì gbà pé láti agbègbè yìí ni àwọn baba ńlá òun ti lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Hollywood fi í ṣe! Ní 1969 wọ́n gbé Hello, Dolly! jáde, sinimá àwàdà olórin tí ó ná wọn ní ohun tí ó ju ogún mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ó gùn tó wákàtí méjì àti ààbọ̀. Aṣọ olówó iyebíye pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀rín kò tó nǹkan. Orin nìkan ni ó gbà á là. Barbra Streisand kọrin dáradára, èmi kò jiyàn. Síbẹ̀ ìgbà tí Armstrong yọjú tí ó sì la ẹnu ni sinimá náà tó jí. Àwo rẹ̀ ti orin kan náà ti lé àwọn Beatles kúrò ní ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà ní 1964, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni wọ́n yọ̀ǹda fún un. Ó kú ní New York ní ọjọ́ kẹfà oṣù Júláì, 1971.