Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì

Ọdún 1926 ni a bí Francis Adékúnlé Fájuyì ní Adó-Èkìtì. Ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1943. Ìwà akin rẹ̀ ní Kóńgò sì mú kí ó gba àmì-ẹ̀yẹ Military Cross. Ní oṣù kìíní ọdún 1966 ni ó di Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó sì ń gbé Ilé Ìjọba ní Ìbàdàn.

Ní ọjọ́ 28 oṣù keje, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba, wá bá àwọn ọba ṣèpàdé. Fájuyì gbà á lálejò tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn ọmọ-ogun ti yí ilé náà ká. Àlejò ni wọ́n wá mú. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun kékeré fún Yorùbá kí a gba àlejò mọ́ onílé lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Fájuyì kọ̀ láti fi í sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní wọn ì bá pa òun náà bí ó ti wù kí ó rí. Ọ̀nà Ìwó ni wọ́n kó àwọn méjèèjì gbà, wọ́n sì pa wọ́n nínú igbó ní ìhà Lálùpọn. Ẹni ogójì ọdún ni Fájuyì nígbà náà.

Ó di oṣù kìíní ọdún 1967 kí a tó sin ín sí Adó-Èkìtì. Orúkọ rẹ̀ ni bárékè Odògbo, tí kò jìnnà sí Àkóbọ̀, ń jẹ́.