Raymond Sabouraud, Oníṣègùn Tí Ó Bá Lápálápá Jà

Ní nǹkan bí ọdún 1890, ọmọ tí lápálápá bá mú ní orí ní ìlú Paris di ẹni ìyàsọ́tọ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ní ilé-ẹ̀kọ́, kí ó má baà ràn wọ́n, ìtọ́jú rẹ̀ sì lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lára àwọn tí ó gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ni Raymond Sabouraud.

Ìlú Nantes, ní ilẹ̀ Faransé, ni a bí i sí ní ọdún 1864. Lẹ́yìn tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Paris, ó fi Ilé-ìwòsàn Saint-Louis, níbi tí a ti ń tọ́jú àrùn awọ ara, ṣe ibùdó iṣẹ́ rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, láàárín ọdún 1841 sí 1844, David Gruby ti fi hàn pé fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìbátan ohun tí í hù lára búrẹ́dì tí ó ti bu, ni ó ń fa lápálápá. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò kà á sí. Sabouraud ni ó fi ìdí òtítọ́ náà múlẹ̀.

Ó ṣàkíyèsí pé bí oúnjẹ fọ́ńgọ́ọ̀sì bá yàtọ̀, ìrísí rẹ̀ a yàtọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìjà ti í dé bí kọ́ńgò ọlọ́jà méjì kò bá dọ́gba. Nítorí náà ó ṣe oúnjẹ kan, tí ó ní ṣúgà nínú, tí ó sì dì bí ẹ̀kọ tútù, ó sì rọ gbogbo oníṣègùn pé kí wọ́n máa lo ọ̀kan náà.

Ní ọdún 1904, ó gbé ìlànà ìtànṣán X-ray jáde, tí ń mú kí irun já bọ́ pẹ̀lú àrùn inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ padà sí ilé-ẹ̀kọ́ ní oṣù díẹ̀. Nígbà tí ó yá, a rí i pé ìtànṣán náà lè fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, a sì pa ìlànà náà tì.

Oúnjẹ Sabouraud ni kò kúrò nílẹ̀. Lórí rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ń dán ewé wò títí di òní, títí kan asùnwọ̀n òyìnbó tí àwọn baba wa fi ń pa lápálápá. Wọn a gbin fọ́ńgọ́ọ̀sì sínú àwo, wọn a lu ihò sí oúnjẹ náà, wọn a sì da oje ewé sí i. Ihò kejì wà fún ọtí tí a fi yọ oje náà, kí a má baà gbé iṣẹ́ ọtí fún ewé. Ìkẹta wà fún oògùn tí a ti mọ agbára rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọn a wọn ibi tí fọ́ńgọ́ọ̀sì kò ti lè hù. Ewé tí ó borí nínú àwo kò tí ì di oògùn, nítorí a ní láti mọ̀ bóyá kò ní pa ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n ó ti rí ẹlẹ́rìí.

Yàtọ̀ sí ìṣègùn, Sabouraud a máa mọ ère. Ó kú ní Paris ní ọdún 1938, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ìgò oúnjẹ náà ní àwọn ilé ìwádìí káàkiri ayé.