Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè

Bí aásùnrárà bá ń ki jagunjagun, ìlú tí ó fọ́ àti ẹrú tí ó kó ni a sábà ń gbọ́. Oríkì wà láti kì í láyà. Ohun tí ogun fi ọkàn rẹ̀ ṣe kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo Kúrunmí.

Nígbà tí ogun Fúlàní tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká ni ó tẹ̀dó sí Ìjàyè. Aláàfin Àtìbà fi í jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ọwọ́ líle ni ó sì fi ṣe àkóso ìlú náà. Ní 1859, Àtìbà wàjà. Àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n Adélù gorí ìtẹ́. Kúrunmí kọ̀ láti júbà rẹ̀. N kò dá a lẹ́bi lórí èyí, nítorí àṣà ni ó dúró tì. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ẹ̀gbá wá ran Ìjàyè lọ́wọ́, síbẹ̀ Ìbíkúnlé, Balógun Ìbàdàn, kò jẹ́ kí wọ́n mí. Ìyàn mú. Márùn-ún nínú àwọn ọmọ Ààrẹ bá ogun náà lọ.

Èyí ni ó dá a lápá. Òun ni ó kọ Adélù. Òun náà ni ó rán ọmọ lọ sójú ogun. Kò sí ọ̀tá tí baba lè di gbogbo ẹ̀bi irú ikú bẹ́ẹ̀ rù. Ọgbẹ́ ọkàn yìí, tí kò ṣeé fi yangàn nínú oríkì, ni Ọlá Rótìmí gbé sórí ìtàgé nínú eré tí ó fi orúkọ Kúrunmí pè, tí a tẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1971.

Ààrẹ kú ní 1861. Ní oṣù kẹta 1862, Ìjàyè fọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣẹ́ kù bá Ẹ̀gbá sá lọ sí Abẹ́òkúta.