Lísàbí Agbòǹgbò Àkàlà, Àgbẹ̀ Tí Ó Gba Ẹ̀gbá Sílẹ̀

Nígbàkúùgbà tí ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa bá jáde, ó tọ́ kí á rántí ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n da omi síwájú kí àwa tó tẹ ilẹ̀ tútù. Ní ọdún yìí, a yan Lísàbí, ẹni tí gbogbo Ẹ̀gbá ń fi orúkọ rẹ̀ pe ara wọn ní ọmọ.

Kí á tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830 ni Lísàbí ti gbé ayé, nígbà tí àwọn baba wa ṣì wà káàkiri Igbó Ẹ̀gbá. Ìtòkú ni a bí i sí, Ìgbẹ̀ìn ni ó sì ti di àgbà. Ó sígbọnlẹ̀, ó lágbára, iṣẹ́ oko ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ayé náà, abẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́ ni Ẹ̀gbá wà, àwọn ìlàrí sì ń ṣe àjẹlẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan láti gba ìṣákọ́lẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ náà kò wúwo tó ìwà àwọn ìlàrí wọ̀nyí. Ohun tí ó bá wù wọ́n nínú ilé onílé, tiwọn ni. Baálé ilé kò sì ní ẹnu láti fi gbèjà aya àti ọmọ rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti dun Lísàbí. Àgbẹ̀ tí kò lè dáàbò bo ará ilé rẹ̀, ta ni ó ń dáko fún?

Ó mọ̀ pé apá òun nìkan kò ká a. Nítorí náà kò pe ìpàdé ogun. Àáró ni ó pè. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní oko mọ àáró: lónìí gbogbo ẹgbẹ́ á ro oko ẹnìkan, lọ́la wọn á ro ti ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Gbèsè ọwọ́ ni, kì í ṣe ti owó, ẹni tí kò bá sì san án kò ní ojú tí yóò fi wo ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà sọ fún wa pé kò sí oko tí Lísàbí kì í bá wọn dé, ṣùgbọ́n bí ó bá kàn án, a máa sún tirẹ̀ síwájú. Àáró náà tàn láti ìlú dé ìlú títí ó fi di Ẹgbẹ́ Olórógun. Nígbà tí gbogbo wọn ti jẹ ẹ́ ní gbèsè tán, ó ní kí wọ́n wá san án. Kì í ṣe ọkọ́ ni ó ní kí wọ́n gbé wá: kí oníkálukú dìde sí ìlàrí ìlú rẹ̀ ni.

Ìgbẹ̀ìn ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì kárí gbogbo Igbó Ẹ̀gbá. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé àwọn ìlàrí tí ó kú ju 600 lọ. Àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ sí àárín 1775 sí 1780, ní ayé Aláàfin Abíọ́dún. Ogun Ọ̀yọ́ dé láti gbẹ̀san, ṣùgbọ́n Lísàbí àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ba dè wọ́n nínú igbó, wọ́n sì ṣẹ́gun.

Ohun tí ó tẹ̀lé e kò dùn ún kọ, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fò ó. Ìtàn tí a jogún sọ pé nínú àwọn tí ó gbà sílẹ̀ ni àwọn tí ó dìtẹ̀ sí i ti jáde, àti pé ó wọ ilẹ̀ lọ nínú igbó tí a ń pè ní Igbó Lísàbí títí di òní. Lẹ́yìn rẹ̀, àáró tú. Nígbà tí ogun tún dé láàárín 1820 sí 1830, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a kó àwọn ìlú Ẹ̀gbá, kí Ṣódẹkẹ́ tó kó àwọn tí ó kù wá sí abẹ́ Olúmọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú nílé àti lẹ́yìn odi, ẹgbẹ́ wa yìí pẹ̀lú, àáró ni. Nígbà tí ó bá kan ìlú, ẹ jẹ́ kí á bá ara wa lóko.